Nígbà tí Èjìká tí a ti Ṣiṣẹ́ Abẹ fún bá Tún Yẹ̀

Ọ̀rọ̀ ara la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ èjìká. Kì í ṣe ti ẹni tí èjìká rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan o. Ti ẹni tí tirẹ̀ ti yẹ̀ rí ni, tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, tí dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un, tí ojú abẹ jinná, tí gbogbo wa sì yọ̀. Ó wá di ọjọ́ kan báyìí, ó na ọwọ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ, èjìká tún fò jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa ilé lẹ́nu mọ́. Ẹni tó ṣe á máa tijú, àwọn tó dá owó á máa wo ara wọn lójú. Ẹnìkan á ní dókítà ló bà á jẹ́, òmíràn á ní ayé ni. Bẹ́ẹ̀, ìdí tí èjìká fi ń padà yẹ̀ ṣeé wá rí. A sì gbọ́dọ̀ wá a, nítorí pé ìdí yẹn ni yóò sọ ohun tí a ó ṣe sí i.

Ẹ jẹ́ ká wo bí Elédàá ṣe ṣe é ná. Oríkèé ìbàdí dà bí ọmọ ayò nínú ihò ọpọ́n: ó wọlé dáadáa, ó jókòó. Ti èjìká kò rí bẹ́ẹ̀. Ọsàn tí a gbé ka orí àwo pẹrẹsẹ kékeré ló jọ. Orí eegun apá tóbi, àwo tó jókòó lé kéré, kò sì jìn. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi lè dé ẹ̀yìn, dé òkè, dé ibi gbogbo, tí ẹsẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí ọsàn yìí yí dànù ni ọ̀já rírọ̀ kan tó yí etí àwo náà ká, pẹ̀lú àwọn iṣan tó so eegun mọ́ eegun, àti àwọn ẹran ara tó ń fa orí eegun wọlé ní gbogbo ìgbà tí a bá gbé ọwọ́.

Bí èjìká bá yẹ̀, iwájú ló sábà máa ń gbà jáde. Bó ṣe ń jáde, ó máa ń ya ọ̀já etí àwo kúrò lára eegun. Bankart, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ̀wé nípa yíya yìí ní 1923, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Nígbà míì, etí àwo fúnra rẹ̀ á kán díẹ̀. Ẹ̀yìn orí eegun apá á sì kọlu etí àwo náà, á tẹ̀ wọnú bí ìgbà tí a fi àtàǹpàkò tẹ òkèlè iyán. Hill àti Sachs, àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé èyí ní 1940. Ẹ fi ọkàn sí ibi méjèèjì yìí o, ibi tó kán lára àwo àti ibi tó tẹ̀ lára orí eegun. Gbogbo ìgbà tí èjìká bá tún yẹ̀, ó lè jẹ díẹ̀ sí i níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láyé. Nínú àwọn ìwé ìṣègùn Gíríìkì tí wọ́n ń pe mọ́ orúkọ Hippocrates, èyí tó ti lé ní 2,000 ọdún, wọ́n kọ bí a ṣe ń fi irin gbígbóná jó abíyá ẹni tí èjìká rẹ̀ ń yẹ̀ léraléra, kí àpá rẹ̀ lè fún ibẹ̀ pọ̀. Ẹ dúpẹ́ pé ayé ti kúrò níbẹ̀. Lóde òní, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí dókítà rán ọ̀já tó ya padà mọ́ etí àwo: á gbẹ́ ihò kéékèèké sínú eegun, á kan èèkàn tín-ín-tín sí i, á fi òwú ara èèkàn náà so ọ̀já mọ́lẹ̀. Ihò kéékèèké ni wọ́n sábà máa ń gbà wọlé, wọ́n á ti ẹ̀rọ ayàwòrán bọ̀ ọ́. Èkejì ni iṣẹ́ eegun, tí wọ́n ń pè ní Latarjet, orúkọ dókítà ará Faransé tó gbé e jáde ní 1954. Wọ́n á gé eegun ṣóńṣó kan níwájú èjìká pẹ̀lú iṣan tó wà lára rẹ̀, wọ́n á fi síkúrù dè é mọ́ etí àwo níwájú, kí àwo lè fẹ̀ sí i, kí iṣan náà sì máa di orí eegun mú nígbà tí a bá gbé ọwọ́ sókè.

Kí ló wá dé tí ó fi ń padà yẹ̀? Nígbà míì, ìṣubú tuntun ni. Èjìká tí a tún ṣe kì í ṣe èjìká onírin. Ohun tó ya ti àkọ́kọ́ lè ya èyí náà. Ẹni tó já lórí ọ̀kadà tó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀, kí ó má bá dókítà jà. Bí eegun rẹ̀ bá ṣì pé, irú tirẹ̀ ṣì lè gba kí wọ́n tún ọ̀já rán.

Èyí tó le ni ti eegun tó ti jẹ. Bí etí àwo bá ti dín tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, rírán ọ̀já nìkan kì í sábà tó mọ́. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá ni. Àwo tó ti fọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí a rán ọ̀já mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ibẹ̀ náà ni ọsàn yóò gbà jáde. Ọ̀pọ̀ èjìká tó padà yẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí wọ́n bá yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, eegun ni wọ́n ń bá níbẹ̀.

Àwọn kan sì wà tí Elédàá dá oríkèé wọn rọ̀. Àtàǹpàkò wọn á tẹ̀ títí yóò fi kan apá, ìgúnpá wọn á tẹ̀ sẹ́yìn, èjìká méjèèjì sì lè máa yọ̀, síwájú, sẹ́yìn, sísàlẹ̀. Iṣan irú wọn máa ń na padà lẹ́yìn tí a bá fún un pọ̀ tán. Ìyókù, ká má fa ọ̀rọ̀ gùn: ẹni tó yára padà sẹ́nu iṣẹ́ agbára, èèkàn tó tú, kòkòrò àrùn tó wọ ojú abẹ.

Wárápá ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun la máa ń fi pamọ́ jù nínú ilé. Bí wárápá bá gbé ènìyàn, ẹran èjìká á fà pẹ̀lú agbára tó lè yọ eegun kúrò ní ipò rẹ̀. Ó tiẹ̀ lè yọ ọ́ gba ẹ̀yìn, X-ray tí wọ́n yà láti iwájú nìkan sì lè má fi í hàn kedere. Ẹni tí èjìká rẹ̀ yẹ̀ lójú oorun, tó jí tó ti gé ahọ́n jẹ, tó tọ̀ sára, kò yẹ kí a máa sọ pé ó sùn lé ọwọ́. Bí a kò bá kọ́kọ́ fi oògùn dá wárápá náà dúró, gbogbo iṣẹ́ tí a bá ṣe sí èjìká ni yóò tún tú. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ní 2007, Balg àti Boileau gbé òṣùwọ̀n kan jáde láti mọ ẹni tí rírán ọ̀já nìkan kò ní tó fún. Máàkì 10 ni gbogbo rẹ̀. Aláìsàn tí kò ju ọmọ 20 ọdún lọ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gba 2. Ẹni tó ń fi eré ìdárayá figagbága gba 2. Bí eré náà bá jẹ́ ti ìkọlura tàbí ti kí a máa ju ọwọ́ sókè, 1. Oríkèé tó rọ̀ jù, 1. Bí X-ray bá fi ibi tó tẹ̀ hàn lára orí eegun, 2. Bí etí àwo bá ti dín, 2. Ẹni tó bá gba ju 6 lọ, wọ́n ní iṣẹ́ eegun ló yẹ ẹ́. Máàkì tí a kì í gbàdúrà kó pọ̀ nìyẹn! Oníjó bàtá kò sí nínú ìwé wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí bí ọmọ bàtá ṣe ń ju apá àti èjìká lójú agbo mọ̀ pé eré tó ń ju ọwọ́ sókè nìyẹn. Ẹ sọ fún dókítà pé bàtá ni ọmọ yín ń jó. Ẹ má sọ pé "ó máa ń jó díẹ̀díẹ̀."

Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ oníjó bàtá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí wọ́n rán ọ̀já èjìká ọ̀tún rẹ̀. Ẹbí dá owó, ará agbo dá owó. Oṣù kẹjọ lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ fa báàgì láti ẹ̀yìn mọ́tò, èjìká yẹ̀. Ó dá a padà fúnra rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó tún yẹ̀, ó tún dá a padà. Ó wá mọ ọgbọ́n rẹ̀: á tẹ̀ síwájú, á jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀ wálẹ̀, á mí kanlẹ̀, á wọlé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fi mọ̀, ó ti yẹ̀ tó ìgbà mẹ́rìnlá. Ìyá bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ. Ó ní, "Mo rò pé ẹ máa ní mo fi owó yín ṣòfò ni, mà." Ìyá ní, "Ta ló bi ẹ́ léèrè owó?" Nígbà tí wọ́n ya CT scan, etí àwo ti jẹ lọ, iṣẹ́ eegun ló kù. Bóyá ká ní ó sọ lẹ́ẹ̀kìíní, rírán ọ̀já ì bá ṣì tó. Kò sẹ́ni tó lè búra. Ohun tó dájú ni pé ìgbà mẹ́tàlá tó tẹ̀lé e kò ṣe eegun rẹ̀ lóore.

Àwọn ọ̀dọ́ á dáhùn pé, "Ṣebí Bellingham gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú èjìká tó yẹ̀." Òótọ́ ni. Èjìká òsì Jude Bellingham yẹ̀ ní November 2023 nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Real Madrid, ó sì ń wọ ohun tó di èjìká náà mú láti máa gbá a lọ. Ṣùgbọ́n orí tábìlì iṣẹ́ abẹ náà ló padà já sí ní July 2025. Ẹsẹ̀ sì ni òun fi ń jẹun. Onílù àti oníjó tó ń fi ọwọ́ jẹun ńkọ́?

Ó dáa, bí ó bá yẹ̀ lónìí, kí la ó ṣe? Ẹ má fà á. Àwọn bàbá wa tó ń to eegun ní ìmọ̀, a kò ní fi ọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èjìká tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ní èèkàn, òwú tàbí síkúrù nínú. Ẹni tó bá fà á láìrí àwòrán inú rẹ̀ lè fọ́ eegun tí wọ́n gbé síbẹ̀, ó sì lè ba iṣan jẹ́. Bàbá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni yóò kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ gbé e lọ ya fọ́tò wá." Ẹ fi ìró tàbí gèlè gbé ọwọ́ náà kọ́ ọrùn bó ṣe wà, kó má mì, kí ẹ máa lọ sí ọsibítù. Kí ó má jẹ, kí ó má mu, nítorí wọ́n lè fún un ní oògùn oorun kí wọ́n tó dá a padà. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ òkè apá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí kò bá mọ̀ ọ́n lára dáadáa, tàbí bí ọwọ́ bá tutù, tí ìka kò ṣeé gbé, ẹ yára. Ẹni tó bá ti lé ní 40 ọdún tí kò lè gbé ọwọ́ sókè lẹ́yìn tí wọ́n dá a padà, kí ó ní kí wọ́n yẹ iṣan tó ń gbé apá wò, ó lè ti já.

Ẹni bá fẹ́ dá Ifá kó dá a, ẹni bá fẹ́ rúbọ kó rú u. Kò sí èyí tó ní kí X-ray dúró dè é. Ohun méjì péré ni mo bẹ̀ yín sí. Ẹ má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sí ojú abẹ, kòkòrò àrùn lè gba ibẹ̀ wọlé dé ara èèkàn tàbí síkúrù, àtiyọ rẹ̀ kò rọrùn. Ẹ sì ka gbogbo àgbo àti àgúnmu tí aláìsàn ń lò fún dókítà kí wọ́n tó tún ṣiṣẹ́ abẹ, nítorí àwọn kan lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá.

Nígbà tí ara bá ti balẹ̀, ẹ padà lọ bá dókítà eegun. Ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìgbóbì, l'Ékòó. UCH n'Íbàdàn àti OAUTHC n'Ífẹ̀ náà ní ẹ̀ka eegun. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ lọ gba ìwé iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ níbi tí wọ́n ti ṣe é: kí ni wọ́n ṣe, èèkàn mélòó, irú irin tàbí ike wo ni, kí ni wọ́n rí nínú. Dókítà tuntun tí kò rí ìwé yẹn, nínú òkùnkùn ló ń táràrà. Ẹ kọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà yẹ̀ sílẹ̀, ohun tí ọwọ́ ń ṣe nígbà náà, àti iye ìgbà. Ẹ jọ̀ọ́, iye tó jẹ́ òótọ́. X-ray ni wọ́n á kọ́kọ́ yà. Bí wọ́n bá fura sí eegun, CT scan ló ń fi ìwọ̀n ohun tó jẹ hàn dáadáa. MRI ló ń fi ọ̀já àti iṣan hàn.

Kì í ṣe gbogbo ìrora ni yíyẹ̀. Èjìká lè wà ní ipò rẹ̀ kó máa dun ènìyàn, kó máa ró kẹ́kẹ́, kó le gbagidi. Àwọn míì wà tó jẹ́ pé ẹ̀rù ló kù: bí ọwọ́ bá ti lọ sókè sẹ́yìn báyìí, ara á gbọ̀n, wọ́n á fà á padà. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ojo. Ó lè jẹ́ àmì pé nǹkan kan ṣì ń yọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ara kò tíì gbàgbé. Dókítà àti oníṣẹ́ físíò ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó padà yẹ̀ ló nílò abẹ kejì. Àgbàlagbà tí kì í ṣe iṣẹ́ agbára, tó yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí eegun rẹ̀ ṣì pé, lè fi físíò gbé e. Ẹni tí oríkèé rẹ̀ rọ̀ láti ọ̀run wá, físíò gan-an ni oògùn rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù: kíkọ́ ẹran tó yí orí eegun ká àti ẹran tó ń di eegun ẹ̀yìn èjìká mú, kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ tí iṣan kò lè ṣe. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti jẹ, iṣẹ́ eegun ni wọ́n sábà máa ń bá a sọ. Bí ibi tó tẹ̀ lẹ́yìn orí eegun bá jìn, wọ́n lè rán iṣan kún un. Bí Latarjet fúnra rẹ̀ bá ti kùnà, wọ́n lè bu eegun láti ìbàdí wá fi dí àlàfo náà. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ewu rẹ̀ fún yín pẹ̀lú: abẹ kejì kì í sábà dáni lójú tó ti àkọ́kọ́, ọwọ́ lè má yí tán mọ́, iṣan ìmọ̀lára sì wà nítòsí ibẹ̀ tí ọ̀bẹ lè kàn.

Inú ilé wá ni iṣẹ́ gidi wà. Ibi tí èjìká ti ń yẹ̀ jù ni kí ọwọ́ wà lókè, kó sì yí sẹ́yìn, bí ẹni fẹ́ sọ òkò. Ẹ wo iye ìgbà tí a ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójúmọ́: dídi irin mú nínú mọ́tò, wíwé gèlè, gbígbé ọmọ pọ̀n, gbígbé ọmọ odó sókè, fífi ọwọ́ di garawa omi mú lórí, sísùn pẹ̀lú ọwọ́ lábẹ́ orí. Ẹlòmíràn ni kó máa ṣe gbogbo ìyẹn títí físíò yóò fi ní ó tó. Bí wọ́n bá ní kí ọwọ́ wà nínú aṣọ tó gbé e kọ́ ọrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́fà ni, kì í ṣe mẹ́ta torí pé ọdún ti dé. Àwọn àgbà ní èjìká ni kì í jẹ́ kí ẹ̀wù bọ́, ṣùgbọ́n èjìká tó ń yẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹ̀wù wọ̀ pàápàá. Apá tó ń dùn ni kí ẹ kọ́kọ́ ki bọ ẹ̀wù, òun náà ni kí ẹ yọ kẹ́yìn. Agbádá tí a ń ká apá rẹ̀ sórí èjìká, kó dúró ná.

Onílù dùndún tí ìlù rẹ̀ ń kọ́ èjìká tó ṣàìsàn, ẹ má jẹ́ kó fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó lè máa fi ẹnu kọ́ àwọn ọmọdé ní ohun tí ìlù ń sọ. Fún ijó bàtá lójú agbo, tàbí eré tí a ti ń kọlu ara wa, nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń dá, dókítà á sì yẹ agbára ọwọ́ méjèèjì wò kó tó fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ìforíbalẹ̀ ló kù. Ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja á fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, obìnrin tó yíkàá á fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, á fi ti òsì. Àwọn ará wa ní Kúbà tí òrìṣà orí wọn jẹ́ obìnrin náà máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ kí wọ́n tó fi ìkejì. Èjìká tó ń yẹ̀ kò lè gba èyíkéyìí nínú wọn. Kí ẹni náà kúnlẹ̀, kó fi orí kan ilẹ̀ bó bá lè ṣe é. Bí ọ̀tún bá wà nínú aṣọ, tó jẹ́ òsì ló fi gba obì lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ má jẹ́ kó tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ gbé obì náà sí i lọ́wọ́, kí ẹ súre fún un.